Orí Tó Ń Gbóná: Àríwísí lórí Ohun tí Raymond Prince Kọ nípa Àwa Akẹ́kọ̀ọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ni mo máa ń ka òwe yìí sí tẹ́lẹ̀. Ọdún tó kọjá, nígbà tí a wà ní SS2, ni mo tó mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ ìwádìí ìmọ̀ náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ìdánwò sáà kejì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí òun ń gbóná. Ó ní bí òun bá ti ṣí ìwé, àwọn lẹ́tà á máa rìn bí èèrà, ohun tí òun bá sì kà tán kì í dúró lórí òun. Olùkọ́ wa kan ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé fún un ní parasẹ́támọ́ọ̀lù méjì, ó ní kó lọ máa mu omi dáadáa. Ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni, nítorí pé òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tó ka ìwé dé SS2 nínú gbogbo ẹbí wọn. Èmi náà sọ tèmi. Mo ní ó ń díbọ́n ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í pé kí ló dé tí ipò rẹ̀ nínú kíláàsì fi wálẹ̀. Àwa mẹ́rin la dá ẹjọ́ yẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó bi í pé, "Báwo ni o ṣe ń lo ọjọ́ rẹ láti àárọ̀ títí di alẹ́?"

Nígbà tí mo ń wá ohun tí mo lè kà nípa ọ̀rọ̀ náà ni mo pàdé orúkọ Raymond Prince. Ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà ni, oníṣègùn ọpọlọ sì ni. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ní ọdún 1960, ó kọ àpilẹ̀kọ kan nípa àìsàn tó ní ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jà. Brain fag ni orúkọ tó gbé jáde fún un, ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Nígbà tí mo rí àwọn àmì tó kọ sílẹ̀, ẹnu yà mí: orí tó ń gbóná tàbí tó ń dunni, ọrùn tó ń roni, ojú tó ń ṣú, ìwé tí kò wọlé, ohun tí a kà tí a kò lè rántí. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rẹ́ mi ló jókòó níwájú rẹ̀ tó ń ròyìn ara rẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò tíì bí ìyá ọ̀rẹ́ mi pàápàá nígbà náà.

Inú mi dùn pé a ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti sọ ohun tó fà á, ojú mi fà ro. N kò fẹ́ fi ìbínú kọ àríwísí yìí. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n fi ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀mọ̀wé yìí ti yẹ̀ hàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ àwa mẹ́rin náà ti yẹ̀.

Kí ni ìpele ìtúpalẹ̀?

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní sàíkọ́lọ́jì, máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìpele ìtúpalẹ̀. Orúkọ náà le, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí n fi àgbàdo ṣàlàyé rẹ̀.

Bí ewé àgbàdo bá ń pọ́n lóko láìtọ́jọ́, ẹnì kan lè yẹ ewé náà wò fínnífínní, kó rí kòkòrò lára rẹ̀. Ẹnì kejì lè bu erùpẹ̀ ibẹ̀, kó ní ilẹ̀ náà ti ṣá. Ẹnì kẹta lè ní òjò ló pẹ́ kó tó rọ̀. Ẹnì kẹrin lè ní ajílẹ̀ ló wọ́n lọ́jà tí àgbẹ̀ kò fi rí i rà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Ewé, ilẹ̀, òjò, ọjà: ìpele mẹ́rin nìyẹn lórí àgbàdo kan ṣoṣo. Ẹni tó wo ewé nìkan kò purọ́. Àmọ́ kó má ṣe fi ohun tó rí lára ewé dá ọjà lẹ́jọ́, láìjẹ́ pé ó dé ọjà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dá rí. Ìpele kìíní ni ara: ọpọlọ, ojú, oorun, oúnjẹ. Ìpele kejì ni ẹni náà fúnra rẹ̀: ohun tó ń rò, ohun tó ń bẹ̀rù, ọ̀nà tó ń gbà kàwé. Ìpele kẹta ni àwọn tó yí i ká: òbí, olùkọ́, ẹgbẹ́, owó ilé-ìwé. Ìpele kẹrin ni àwùjọ lápapọ̀: àṣà, èdè àti ìtàn. Àwọn onímọ̀ kan máa ń kà wọ́n sí mẹ́ta, àwọn mìíràn sì máa ń pín wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye wọn kọ́ ni kókó. Kókó ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní irú ẹ̀rí tó tọ́ sí i. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá oorun ọmọ kan kò tó, màá ka wákàtí tó fi sùn. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá àṣà orílẹ̀-èdè kan ló ń fa àìsàn, kò tó kí n gbọ́ tẹnu àwọn aláìsàn ibẹ̀. Mo ní láti wá àwọn ọmọ ibẹ̀ tí àìsàn náà kò ṣe, kí n wá àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn tó ṣe, kí n sì fi wọ́n wéra.

Ohun tó ṣe dáadáa

A kì í torí pé a fẹ́ bá ènìyàn wí ká má sọ dáadáa rẹ̀. Prince fetí sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ fún un pé orí àwọn ń gbóná, kò sì sọ pé wọ́n ń díbọ́n bí èmi ṣe sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó to àwọn àmì náà sí ìsọ̀rí, débi pé oníṣègùn mìíràn lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bó bá rí i. Ó tún kíyè sí i pé ìgbà tí ìwé kíkà bá pọ̀, pàápàá bí ìdánwò bá ń bọ̀, ló máa ń le jù. Títí dé ibí yìí, iṣẹ́ rẹ̀ dúró dáadáa, nítorí pé ohun tó gbọ́ àti ohun tó rí ló sọ.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀

Ó wá kan ìbéèrè pé kí ló fà á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n gbé lé ọmọ Nàìjíríà lórí, kò sì bá ẹ̀dá rẹ̀ mu. Ó ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí ènìyàn dá jókòó ti ìwé rẹ̀, kó dá ru ẹrù ara rẹ̀, kó sì máa ṣe nǹkan létòlétò, nígbà tó jẹ́ pé àwùjọ àjùmọ̀ṣe ni tiwa. Bí a bá yọ ẹran kúrò lára egungun ọ̀rọ̀ náà, ohun tó kù ni pé orí àwọn ọmọ yẹn ń gbóná nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n.

Ẹ wo bó ṣe fò. Ẹ̀rí gbòógì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nípa orí, ojú àti ìrònú rẹ̀. Ìpele kìíní àti ìkejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó dá wà ní ìpele kẹrin, lórí àṣà àti ìwà odindi orílẹ̀-èdè. Ó fo ìpele kẹta bí ẹni fo kòtò. Ewé ló wò, ọjà ló dá lẹ́bi.

Bí ìdájọ́ rẹ̀ bá tọ̀nà, ó yẹ kó lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta.

Èkíní: àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kàwé tí orí wọn kò gbóná ńkọ́? Kò yẹ kó wá wọn jìnnà. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn Aro tí Prince ti ṣiṣẹ́ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923. Lámbò ka ìwé ní ìlú rẹ̀, ó ré kọjá sí Birmingham láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì padà wálé gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ọpọlọ. Bí ìwé òyìnbó kò bá bá ẹ̀dá ọmọ Nàìjíríà mu, irú ẹ̀dá wo wá ni Lámbò? Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè ba òfin kan jẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ènìyàn dúró, kó tún èrò rẹ̀ rò.

Èkejì: àwọn òyìnbó tí orí wọn gbóná ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà nìyí. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Oyèdèjì Ayọ̀nrìndé, tú àwọn ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Britain yẹ̀wò, ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Ó rí i pé láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni àwọn ará Britain ti ń lo orúkọ brain fag fún àárẹ̀ tó ń bá ara wọn, àwọn tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń kàwé jù. Àìsàn tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwa nítorí pé ìwé òyìnbó kò bá wa mu ti ṣe òyìnbó rí nínú ilé òyìnbó, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́. Ẹ̀rí tó yẹ kí èrò Prince bá pàdé ní ìpele kẹrin nìyẹn. Ìgbà tí ó bá a pàdé, kò lè dúró.

Ẹ̀kẹta: ṣé òótọ́ tilẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tó létò, tó ń fẹ́ ìfaradà, ṣàjèjì sí wa? Ẹ wo ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá. Odù 256 ló wà níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ sì wà nínú odù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kọ́ wọn sórí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, bó bá sì ṣi ẹsẹ kan kà, wọ́n á dá a dúró. Ẹ wo ọdẹ tó ń dá nìkan wọ igbó lóru. Ẹ wo ahunṣọ tó ní láti ka òwú rẹ̀ kó má bàa ṣì í. Òótọ́ ni pé ọmọ awo ní ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dá wà bí ẹni tó ń kàwé ní yàrá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ètò àti ojúṣe ara ẹni jẹ́ àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá kò tíì wo ilẹ̀ Yorùbá dáadáa. Ní ìpele kẹrin tí Prince yàn fúnra rẹ̀, ẹ̀rí kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Kòtò tó fò

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìpele kẹta. Ní oṣù January ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ti girama, owó ni òbí ń san. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, nìkan ni yunifásítì tó wà ní gbogbo Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1950. Ẹnu ọ̀nà náà fún pinpin.

Ẹ wá fojú inú wo ọmọ tó ráyè wọlé. Kòkó bàbá rẹ̀ wà nínú owó ilé-ìwé yẹn. Ọjà ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Àbúrò tó dúró sílé kí òun lè lọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá fìdí rẹmi, kì í ṣe òun nìkan ló fìdí rẹmi. Bí ọrùn irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń ro ó, ṣé ó yẹ kí a wá a lọ sí inú ẹ̀dá rẹ̀ kí a tó wo ẹrù tó wà lórí rẹ̀? Bí a bá gbé ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ọrùn á ro òun náà.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síbí yìí tí mo ní mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀, èmi náà ti di agbẹjọ́ ẹnìkan dá. Ọmọ ìyá méjì lè wà nínú ilé kan náà, kí wọ́n jọ lọ sí ilé-ìwé kan náà, kí òbí kan náà máa retí wọn, kí orí ọ̀kan máa gbóná, kí ti èkejì tutù bí omi àmù. Ìpele kẹta kò lè sọ ìdí rẹ̀ fún wa. A ní láti sọ̀ kalẹ̀ padà sí ìpele kejì àti ìkíní.

Ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfẹ́mi Morákínyọ̀. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1980, ó sọ pé àwọn tí àìsàn yìí ń ṣe ní ìtara tó ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ láti yege. Ìtara náà ló ń mú kí wọ́n máa lo ohun tí kì í jẹ́ kí oorun kun ènìyàn, kí wọ́n sì máa fi oorun du ara wọn. Ẹ kíyè sí bí àlàyé yìí ṣe yàtọ̀. Ìtara wà ní ìpele kejì, oorun wà ní ìpele kìíní, ọ̀nà tí ọ̀kan gbà di èkejì sì hàn gbangba: ọmọ ń fẹ́ yege, kò sùn, orí gbóná. A lè yẹ̀ ẹ́ wò, a lè ka wákàtí oorun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn àlàyé yìí ju ti Prince lọ. Síbẹ̀ òun náà kò dá tó. Kí ló ń lé ọmọ náà tí kò fi lè sùn? Kò sí ẹni tí ìtara ń hù lára rẹ̀ bí irun. Ìbéèrè yẹn á tún gbé wa gòkè padà sí ọ̀dọ̀ òbí, olùkọ́ àti owó ilé-ìwé. Lílọ àti bíbọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tó bá fìdí kalẹ̀ sí ìpele kan kò tíì ṣe tán.

Ṣé àṣà kò wá ní iṣẹ́ kankan ni?

Ẹnì kan lè sọ pé mo fẹ́ ti àṣà síta pátápátá. Rárá o. Àṣà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ipò tí Prince fi í sí kọ́ ni ipò rẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sú, á ní orí òun ti gbóná. Ẹni tí ìdààmú bá, á ní orí òun dàrú. Ẹni tí nǹkan bá bọ́ sí i fún, á dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ̀. Orí ni a fi ń sọ nǹkan púpọ̀. Nígbà tí ọmọ Yorùbá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ bá dé iwájú dókítà, kò lè ṣe kó má jẹ́ pé orí ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àṣà ló fún ìnira rẹ̀ ní ẹnu tó fi ń sọ̀rọ̀. Èyí yàtọ̀ sí pé àṣà ló dá ìnira náà sílẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa lè fi Yorùbá sọ ọ́, ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè kọ́ ló pa á lébi. Mo rò pé Prince gbọ́ ohùn ìnira náà dáadáa, ó wá ṣì í mú, ó rò pé ìdí rẹ̀ ni òun gbọ́.

Orúkọ tó wọlé tó sì jáde

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ju àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lọ ni pé àlàyé Prince rin ìrìn àjò. Ní 1994, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi brain fag sínú ìwé atọ́nà wọn, DSM-IV, láàárín àwọn àìsàn tí wọ́n so mọ́ àṣà ibì kan. Báyìí ni ó ṣe di pé dókítà tí kò dé Nàìjíríà rí lè ṣí ìwé, kó kà pé irú àìsàn báyìí ló máa ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n tẹ DSM-5 jáde ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Wọ́n kàn mẹ́nu bà á lábẹ́ kufungisisa, ọ̀rọ̀ tí àwọn Shona ní Zimbabwe ń lò fún ìrònú àròjù.

Ní 2015, Ayọ̀nrìndé àti àwọn méjì mìíràn tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa ohun tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Nàìjíríà ń ṣe sí orúkọ yìí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ṣì ń fi sọ àìsàn déédéé. Àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni púpọ̀ nínú wọn ń pè é báyìí. Àwọn tó kọ iṣẹ́ náà ní ó ṣeé ṣe kí orúkọ brain fag máa lọ sí òkun ìgbàgbé.

Bí orúkọ náà bá kú, n kò ní sunkún tẹ̀ lé e. Àmọ́ orí ọ̀rẹ́ mi kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun kúrò nínú ìwé. Ìkìlọ̀ tèmi ni pé kí a má fi orúkọ kan tó dúró sí ìpele kan rọ́pò òmíràn tó dúró sí ìpele kan. Bí a bá ní, "Àníyàn ni," tí a fún ọmọ ní oògùn, tí kò sì sí ẹni tó béèrè ohun tó ń ṣàníyàn lé lórí, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín rẹ̀ àti parasẹ́támọ́ọ̀lù méjì?

Ohun tó wà ní Aro tẹ́lẹ̀

Ó dùn mí díẹ̀ pé Aro kan náà ni ìdáhùn wà. Láti ọdún 1954 ni Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀. Kò fẹ́ kí gbogbo aláìsàn máa gbé inú ọgbà ilé ìwòsàn. Ó ṣètò pé kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí, kí mọ̀lẹ́bí kan sì wà pẹ̀lú aláìsàn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú ìgbàlódé ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń padà sí abúlé, wọ́n ń bá àwọn ará ibẹ̀ gbé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ ka àwọn ìpele náà níbẹ̀. Oògùn wà fún ara. Dókítà ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ fún ọkàn rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abúlé, èdè àti àṣà yí i ká. Lámbò kò ní kí ọ̀kan jọba lórí àwọn yòókù. Àwọn ènìyàn máa ń yin ètò yìí nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún àṣà wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Tèmi ni pé ó tún jẹ́ ọ̀nà ìwádìí tó pé: kò fi ẹ̀rí ìpele kan ṣe ìdájọ́ ìpele mìíràn.

Ìdájọ́ àwa mẹ́rin

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Àbúrò ìyá rẹ̀ kan, tó jẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú mìíràn, wá kí wọn nígbà ìsinmi. Òun ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ dípò kó dá ẹjọ́. Ó bi í ní aago tó ń sùn àti aago tó ń jí. Ó wá hàn pé aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí láti bá ìyá rẹ̀ po ìyẹ̀fun àkàrà tí wọ́n ń tà ní ojú ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn ló tó ń ṣí ìwé. Kọfí ló fi ń gbé ojú sókè. Wọ́n mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, wọ́n ní ó nílò awò ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gba iṣẹ́ ìdájí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Àwọn lẹ́tà kò rìn bí èèrà mọ́. Oorun rẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé orí òun ṣì máa ń gbóná lálẹ́ ọjọ́ tí ìyá òun bá ń ka owó WAEC lórí ibùsùn. Awò ojú kò lè wo èyí sàn, oorun kò sì lè wò ó sàn tán. Mo mọ ìpele tí ìyẹn wà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ dókítà nìkan.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó foríjì mí lórí ohun tí mo sọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun tilẹ̀ ti gbàgbé. N kò rò pé ó gbàgbé. Olùkọ́ wo ìwà rẹ̀, nọ́ọ̀sì wo ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ayé, èmi wo ipò rẹ̀ nínú kíláàsì. Kò sí ẹni tí ohun tó rí kò ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ìyá rẹ̀ pàápàá, nígbà tó ní nítorí pé òun ni àkọ́kọ́ nínú ẹbí ni, fọwọ́ ba ibi tó ń dun ọmọ náà, kò kàn mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọwọ́ òun wà ni. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a kò kó ohun tí a rí jọ.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, bí ọmọ bá ní orí òun ń gbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yára sọ ohun tí ó jẹ́. Ẹ bi í bó ṣe sùn. Ẹ bi í ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ bi í ẹni tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi náà, kí a tó ní ẹlẹgbẹ́ wa ń díbọ́n, kí a jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Raymond Prince jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì gbọ́ wọn. Ìbá ṣe pé ó fara balẹ̀ díẹ̀ sí i kó tó dìde láti dá ẹjọ́, bóyá ohun tí ì bá kọ nípa wa ì bá yàtọ̀.